Bẹ́ńṣì Ọlọ́mọ Méjì

Òórùn pákó tútù kì í jẹ́ kí n lè dúró pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà títí di òní. Bó bá ti kan imú mi, iléèwé ìjọba kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn Epinmi ni ọkàn mi máa ń lọ, níbi tí mo ti ṣe tíṣà nígbà tí ọmọ mi ṣì kéré. Ìlú Ọ̀kà là ń gbé nígbà náà. Ọ̀kadà kan náà ló ń gbé èmi àti ọmọ láràárọ̀. Yóò kọ́kọ́ já ọmọ sílẹ̀ ní iléèwé aládàáni kan lójú ọ̀nà, tòun ti yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ọsàn rẹ̀, kó tó wá gbé mi lọ bá àwọn ọmọ tí mò ń pè ní ọmọ wa.

N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Tíṣà wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo mọ iléèwé wa dáadáa. Kíláàsì mẹ́ta la kó sínú yàrá kan, bí òjò bá sì ti ṣú, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn, torí páànù orí wa ti lu. Ìjọba kì í fún wa ní ṣọ́ọ̀kì tó, ká má tilẹ̀ sọ àga; òbí kálukú ló ń gbé bẹ́ńṣì wá fún ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ní èdè tiwọn tí wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá gan-an di ohun tí wọ́n ń wá iléèwé wá kọ́, Gẹ̀ẹ́sì wá di òkè lẹ́yìn òkè. Bí èsì ìdánwò àtiwọ girama bá dé, ọ̀gá wa á ká a, á tì í bọ àpò kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ọkọ mi ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo gbà. Òwe tó bá gbè wá lẹ́yìn kì í pẹ́ yé wa.

Ní ìpàdé òbí kan, ọ̀gá ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí àwọn tó rí jájẹ díẹ̀ nínú wọn ti ń kó ọmọ lọ sí aládàáni. Bí ọmọ bá sì ṣe ń dín kù ni ìjọba ń kó tíṣà kúrò. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ bí olóṣèlú. Mo ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo ní kí wọ́n má kó àwọn ọmọ wa lọ, ibí yìí la ó ti jọ tọ́ àwọn ọmọ wa yanjú. Inú mi dùn sí ara mi.

Màmá àgbà kan, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì mi, ló nawọ́. Yorùbá tó fi ń ta iṣu ní Ìkàrẹ́ ló gbọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú, Yorùbá mi ò jinlẹ̀. 'Ọmọ wa' tí ẹ wí yẹn, ṣé tiyín náà wà níbẹ̀?"

Ká ní ó fi bú mi ni, ǹ bá mọ èsì tí ǹ bá fọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́; ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," mo ní. "Tó bá di táàmù tó ń bọ̀, màá mú un wá."

Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun," ó sì jókòó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tí iléèwé wọlé padà, màmá náà fúnra rẹ̀ ló ru bẹ́ńṣì tuntun dé, tòun ti òṣùká. Pákó rẹ̀ ṣì tutù, òórùn rẹ̀ gba gbogbo kíláàsì. Ó gùn ju ti ọmọ kan lọ. Ó ní òun sọ fún káfíńtà pé kó ṣe ti ọlọ́mọ méjì, kí ọmọ Àǹtí má baà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọmọ náà ń bọ̀. Mo ní ara rẹ̀ ò yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Ara ọmọ mi le koko. Ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ ni.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ńṣì náà, ó fi apá òsì sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, "Ti ọmọ Àǹtí ni." Ó yẹ kí n ní kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn òbí ń rí i láràárọ̀ pé èmi nìkan ni ọ̀kadà ń gbé dé, wọ́n sì ń kó ọmọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò jẹ ọbẹ̀ tí ẹni tó sè é ò jẹ? Ìjọba kó tíṣà kan lọ, ó kó òmíràn. Nígbà tó yá wọ́n gbé èmi náà lọ sí Ìkàrẹ́, wọ́n sì pa iléèwé náà pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì, tó jìnnà sí ẹsẹ̀ ọmọdé. Àwọn tí agbára wọn ò ká aládàáni dá ìwé dúró níbẹ̀. Ọmọ orí bẹ́ńṣì yẹn wà lára wọn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo pa iléèwé náà. Òrùlé tó ń jò ti ń pa á kí n tó dé. Ṣùgbọ́n òrùlé ò dìde ní ìpàdé kó máa wí pé "wa".

Ọmọ mi ti kàwé gboyè, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Láìpẹ́ yìí, mo lọ ra iṣu ní ọjà Ìkàrẹ́, ni obìnrin kan tó jókòó ti iṣu rẹ̀ bá pè mí ní Àǹtí wa. Ó ń sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé, "Tíṣà wa nìyí o, tíṣà wa." Mo wo ojú rẹ̀, mo rí ti màmá àgbà. Ó bá mi ṣa iṣu tó dára, ó wá rántí nǹkan.

"Ọmọ yín ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ara rẹ̀ wá yá?"

Mo ní ó ti yá. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun," ó sún, ó sì fi ìborùn rẹ̀ nu apá òsì bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí n lè jókòó. Mo ní mò ń kánjú. Orúnkún ti ń dùn mí láti àárọ̀, síbẹ̀ ìdúró ni mo dúró san owó iṣu mi.