Itọ́ Inú Kámẹ́rà

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń tún kámẹ́rà ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè gbà mọ́ra: ìdọ̀tí. Bó bá rí àmì ìka lásán lára dígí, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó fi ìborùn bojú. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ti bó bíi pé omi gbígbóná ló dà sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín?"

"Mo lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ onífọ́tò ìkóríta. Ó fi àmì dúdú kan hàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ mi nínú fọ́tò, ó ní àrùn awọ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ta ìpara fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi í para."

Ó kó fọ́tò méjì sílẹ̀, tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀, onífọ́tò kan náà ló yà wọ́n. Nínú ti ọmọ, ara ògiri ni àmì náà wà. Ọ̀gangan kan náà, ìwọ̀n kan náà.

"Ṣé ògiri náà lárùn awọ ni?" Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ béèrè. Àwọn méjèèjì sì kọrí sí ìkóríta.

Wọ́n bá onífọ́tò níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gba kámẹ́rà, ó yọ dígí iwájú rẹ̀, ó yọjú wo inú. Nǹkan kan ti gbẹ mọ́ ibẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ òwú aṣọ àti èèpo ẹ̀pà.

"Kí lẹ fi nù ún?"

"Itọ́ díẹ̀ àti etí ṣẹ́ẹ̀tì mi ni. Eruku ló kó sí i."

"Itọ́!" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ wo pátákó kékeré tó ń dán yìí. Ihò tíntìntín tójú ò lè rí ló kún ara rẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ara yín wọlé, ihò kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀, á sọ ọ́ di iná mànàmáná bíńtín. Àwọn kan ń gba pupa, àwọn kan àwọ̀ ewé, àwọn kan búlúù. Kámẹ́rà á wá wọn iná inú wọn, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á fi nọ́ńbà to àwòrán yín. Àwọn tó wà lábẹ́ itọ́ ọkùnrin yìí ò rí ìmọ́lẹ̀ gbà, ni wọ́n ṣe dúdú."

"Àṣé itọ́ ẹ̀ ni mo ń fìpara lé kúrò lójú mi!"

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé kámẹ́rà ni, màmá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá ló ń rà á."

Ó ṣe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bí ẹni gbé ìdin mì. "Ojú ò tì ọ́, àgbàyà!" Ó já páálí kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn onífọ́tò: KÁMẸ́RÀ LÓ LÁBÀWỌ́N, KÌ Í ṢE OJÚ YÍN.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin mọ́kànlá ti dé pẹ̀lú fọ́tò àti ike ìpara. Wọ́n da ìpara náà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń yọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni onífọ́tò gbà sá lọ.

Ojú ẹ̀gbọ́n san lẹ́yìn oṣù méjì, ṣùgbọ́n títí di òní, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́. Onífọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bá òun nù ún. Orí pẹ́ńsùlù ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi tì í padà sí i. Lẹ́yìn náà ló fi ọṣẹ fọ tábìlì, ó fọ ọwọ́, ó tún ọwọ́ fọ̀, síbẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán ò lọ lọ́fun rẹ̀.