Píìnì Ẹnu Tíṣà Wa

Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó fi eyín há píìnì mú, àyà mi a já. Bí tíṣà obìnrin tó ń kọ́ àwa ọmọdé ní eré ní Kàbà ṣe máa ń dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé nìyẹn, tí píìnì tó fi ń há aṣọ eré wa á wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó máa ń kìlọ̀ fún wa pé, "Tí ẹ bá ti gorí pèpéle, ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́ o!" Ìkíni ló ń bà á lẹ́rù, pé ọmọ lè kúnlẹ̀ kí ará ilé rẹ̀ láàárín eré.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe ọba, ìyá àgbà mi pẹ́ dé. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó kí èrò bí a ṣe ń kí ara wa ní Kàbà, ó ní, "Okun o!" Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀, adé sì yí lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì. Tíṣà ò nà mí.

Lọ́dún kejì, a gbé eré lọ sí Iffe, ìlú kan ní agbègbè wa tí wọ́n ti bí tíṣà. Èmi náà tún ni ọba. Mi ò gbójú sókè rárá.

Ohùn ìyá arúgbó kan ta láàárín èrò: "Ọmọ mi tíṣà dà? Okun o!"

Mo di àga mú, mi ò mira.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ tí orúnkún méjì balẹ̀ gbì. Ohùn tíṣà wá gba àárín eyín àti píìnì jáde: "Okun o, ìyé mi."