Alàgbà Akínsànyà Fọ Eruku Òyìnbó

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ olóògbé Alàgbà Akínsànyà ní Ajégúnlẹ̀, ibi ọṣẹ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wá láti Nọ́wè láti wá wọn eruku inú afẹ́fẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sórí ilé Alàgbà, wọ́n gbé èkejì sí Àpápá GRA. Aṣọ asẹ́ funfun kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí eruku ń lẹ̀ mọ́. Eruku ọ̀hún ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí Íńgírì, ọ̀gá wọn, wá gba aṣọ asẹ́ náà, àwo ni Alàgbà fi gbé e fún un. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a, ó sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?" Morádéún ọmọ rẹ̀ figbe ta. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó náà ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí ilé àwọn, torí ikọ́ ń mi bàbá rẹ̀ jìgìjìgì, bàbá sì ń pè é ní òtútù. Ó fẹ́ kí ẹnì kan rí ohun tí bàbá òun ń mí sínú.

"Mo fọ̀ ọ́ ni! Èmi Akínsànyà, kí n gba nǹkan àlejò, kí n dá a padà tòun tìdọ̀tí? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde!"

Íńgírì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ohun tó rí béèrè ni irú ọṣẹ tí bàbá lò.

Ìdíje ni Alàgbà ka gbogbo ẹ̀ sí, Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú GRA. Ó lọ bá Nneka tó ń yan ẹja nísàlẹ̀. "Pa iná yẹn!"

"Papa, na exam we dey write?"

"Ẹ̀hẹn, ìdánwò ni! Ṣé o fẹ́ kí GRA nà wá ni?"

Tara rẹ̀ tún burú jù. Bí ikọ́ bá ti gbé e, á sáré wọ yàrá, á fi ìrọ̀rí bo ẹnu, kí ẹ̀rọ má baà gbọ́. Ẹ gbà mí! Èèyàn ń kú lọ, ó ń ṣe fọ́ọ̀mù fún ẹ̀rọ.

Àwọn òyìnbó wá fi àgádágodo ti ẹ̀rọ náà. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n yọ tẹ̀ lé e dúdú bí ìdí ìkòkò. Morádéún gbé e síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ohun tẹ́ ẹ ń mí sínú rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Alàgbà wò ó títí. "Eléyìí kì í ṣe tiwa. Atẹ́gùn ló gbé e wá láti Creek Road ní Àpápá, látinú tírélà wọn."

Ká má purọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ṣùgbọ́n kò lọ sí ọsibítù. "Eruku Àpápá, abẹ́rẹ́ Ajégúnlẹ̀? Kò ṣeé ṣe!"

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó ti lọ. Nneka ò dáná ẹja lọ́jọ́ ìsìnkú. "Make Papa win today," ló wí, ó ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n ti ibojì dé, Morádéún gun òkè lọ yọ aṣọ asẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Dúdú kirikiri. Ó gbé e sórí àwo bàbá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Íńgírì. Ẹ̀rín ń pa á, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bínú," ló wí. "Mo dá nǹkan àlejò padà láìfọ̀."