Ẹrù Màmá Zipporah

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ta tapólì nítòsí ọjà Kabba, n kò sì tíì rí oníbàárà tó dán sùúrù mi wò tó Màmá Zipporah. Àwọn ẹlòmíràn á bi mí pé èwo ló nípọn jù. Màmá kì í bi mí ní nǹkan kan. Á kí mi pé, "Okun o, Tiwalọlá," á ká tapólì mẹ́fà, á máa gbé wọn ru orí lọ́kọ̀ọ̀kan, á rìn dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà, á padà. "Èyí wúwo." Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tapólì lẹ fẹ́ rà ni àbí gèlè?

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ekinrin-Adde ló ń gbé, oko kajú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn òkè, níbi tí ọ̀kadà kò lè dé. Bí kajú bá ti ń já bọ́, á lọ sun oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ẹni tó bá fi kajú sílẹ̀ sùn sílé, olè ló gbìn ín fún. Iná ìgbẹ́ ti jó ahéré rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò kọ́lé fún iná mọ́, abẹ́ tapólì ni òun á máa sùn.

Ọlọ́runṣọlá, àkọ́bí rẹ̀, kò fẹ́ kó lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tó sọ fún Màmá pé kó jókòó? Wọ́n wá fẹnu kò pé ọjọ́ tí kò bá ti lè ru ẹrù ara rẹ̀ jáde nílé, oko parí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi orí wọn ọjà mi.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló rà lésìí. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo lọ wò ó lóko, òjò sì ṣú bá mi níbẹ̀. Mo ní èmi ni mò ń tà á, kó jẹ́ kí n bá òun so ó. Mo ki okùn bọ àwọn òrùka irin etí rẹ̀, mo nà án gbọọrọ bíi kánópì. Òjò bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ dé, òrùka já, omi tó ti gbá jọ láàárín rẹ̀ dà lé mi lórí.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, ó fi igun tapólì wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ó fa ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ wálẹ̀, ó gbé èkejì dé ìbàdí, ó wá fi ọkọ́ gbẹ́ gọ́tà kékeré sẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀nà ni omi ń wá. Fi hàn án." Òjò rọ̀ fún wákàtí kan. A jókòó, a jẹ iṣu sísun, ara wa gbẹ. Ìyẹn ni pé ara tirẹ̀ gbẹ.

Lọ́dún yìí, ó gbé èyí tó fúyẹ́ jù ní ìsọ̀ mi ru orí. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà tó fi dúró. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì sọ pé ó wúwo. Inú mi bàjẹ́. Mo tún ń bínú, n kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ẹrù yín lọ sóko ṣáájú yín."

Ó fi ẹsẹ̀ ti tapólì náà sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó mọ Màmá mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ru tapólì, ìkòkò àti gààrí gun òkè burúkú yẹn. Mo so tapólì bó ṣe kọ́ mi, mo gbẹ́ gọ́tà rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo fi koríko gbígbẹ kún àpò tí Màmá máa rù, mo rán ẹnu rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè rò pé ẹrù ló wà nínú rẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà lójúde ilé Màmá. Màmá gbé òṣùká lé orí, ó nàró, ó ń dúró. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ta ló ń dá gbé ẹrù ńlá ru ara rẹ̀? Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbé e rù ú! Gbogbo ọgbọ́n tí mo dá, n kò ro ìyẹn. Ọlọ́runṣọlá sì ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ó fi agbára gbé àpò náà, àpò sì fò sókè bí ìrọ̀rí. Ó dá a dúró láyà. Ó wò mí. Mo yíjú sí ewúrẹ́ kan lójúde. Ó wo ìyá rẹ̀ tó na ọrùn sílẹ̀ de ẹrù. Koríko kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo rán. Ó fi ìka tì í padà.

Ó wá tẹ orúnkún, ó kérora, ó rọra gbé e ka ìyá rẹ̀ lórí.

"Háà! Màmá, ẹrù yìí mà wúwo o!"

"Ìwọ náà ti ń darúgbó ni," ni Màmá dá a lóhùn, ó sì kọjú sọ́nà oko.