Eyín Kan Tí Meinrad Fọwọ́ Gé

Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkọ mi, Meinrad, ti ń fọwọ́ gé kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago onígi, nínú Igbó Dúdú nílẹ̀ Jámánì yìí. Èmi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ tí aago bá ń tiro, etí mi á gbọ́.

Nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ọbẹ̀ ọ̀dùnkún ń dà sí i láyà kí ṣíbí tó dẹ́nu, Silke ọmọ wa gbé ẹ̀rọ agégi kan wá sí ìsàlẹ̀ ilé. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tó máa gé fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gé kẹ̀kẹ́ márùn-ún. Meinrad gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, ó yí i títí, kò rí àléébù kankan. Ojú ẹ̀ wá rẹ̀ sílẹ̀ bíi tẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Mo ní, "Bàbá Silke, ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n gé jù yín lọ."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n kí ló máa fi hàn pé aago mi ni?"

Ó ní kí Silke tún kẹ̀kẹ́ àárín gé, èyí tó ń yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan: kó gé eyín mọ́kàndínlọ́gọ́ta, kó fi ìkọgọ́ta sílẹ̀ fóun.

Silke ní, "Bàbá, tó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, aago ò ní lọ o."

"Ìwọ gé tìẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí eyín kan. Èmi ni mo gbá apá ẹ̀ mọ́ àyà mi kó má baà gbọ̀n. Ó kù díẹ̀ kó parí, ẹnu mi bá tún yún mi.

"Ẹ rọra o, ẹ má gé mi lọ́mú. Ẹ ṣì ń fẹ́ ẹ."

Ẹ̀rín pa á. Ọbẹ yọ̀, ó fá etí eyín náà lọ.

A to aago náà pọ̀. Ó lọ dáadáa, àfi ìgbà tó dé orí eyín yẹn, ló bá dúró.

Silke ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé òmíràn, kò ní pẹ́."

"Fi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti kú nìyẹn."

Èmi tí mi ò kí ń dákẹ́, mi ò lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn pé ẹnu mi ló fà á. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu. Kí yìnyín ìgbà òtútù yẹn tó yọ́ tán, Meinrad ti jáde láyé.

Aago náà wà lára ògiri ilé ìdáná. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó máa ń dúró. Màá dìde, màá fi ìka ti eyín yẹn kọjá.

"Ẹ̀rín ni, Bàbá Silke. Kì í ṣe ọwọ́ yín."

Á tún lọ fún wákàtí kan.