Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Bá Mi Yan Píkọ́ọ̀pù

Àárín orin ni gìtá mi dákẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni, a ń jó lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ mi ṣì ń lọ lórí okùn, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde mọ́. Mo yí bọ́tìnnì, mo fọwọ́ gbá a, kò dá mi lóhùn. Òpin àwọn ọdún 1980 la wà nígbà náà, èmi nìkan sì ni obìnrin tó ń ta gìtá nínú ìjọ wa. Gbogbo ojú ló yí sí mi.

Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ló tú u wò.

"Wáyà kọ́," ó ní. "Píkọ́ọ̀pù ẹ ló kú."

Píkọ́ọ̀pù ni òòfà kékeré tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́ lára, tó jókòó sábẹ́ okùn gìtá oníná. Bí okùn bá gbọ̀n, òun ló máa gbọ́ ọ, tí yóò sì gbé e lọ sínú anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá. Bí ó bá kú, gìtá di igi lásán.

"Lọ sí Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́," ni ọkùnrin náà wí. "Màlámù kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àlòkù. Ohun tó ò bá rí lọ́dọ̀ rẹ̀, má wulẹ̀ wá a níbòmíràn mọ́."

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́, àmọ́ ńṣe ni mo ń fò sókè. Láti ọjọ́ tí mo ti ra gìtá yẹn ni ohùn rẹ̀ ti dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Wàyí o, èmi fúnra mi ni n ó yan ohùn tí yóò máa fi sọ̀rọ̀!

Bàbá mi ní òun fẹ́ ra híńjì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí a jọ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi, Mùsùlùmí sì ni. Ìyá mi ló ń ṣe aládùúrà, òun ni mo tẹ̀ lé. Bàbá kò bá wa jà nítorí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ gìtá mi rí nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ nílé kò ju ìró okùn ṣákálá lọ.

Mo fi aṣọ ìró ìyá mi di gìtá náà, mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí wò ó títí.

"Ẹ ṣí ọmọ yẹn lójú," ó ní, "kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Sábó, òun àti Màlámù kí ara wọn ní sàláámù, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́. Ara mi kò lélẹ̀. Nígbà tó yá, Màlámù da ohun inú agolo bisikíìtì kan sórí tábìlì, píkọ́ọ̀pù mẹ́ta yọ. Wáyà ọ̀kan ti já. Ọ̀kan funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́. Ìkẹta dúdú, ó fẹ̀, bí ẹni pé wọ́n lẹ méjì pọ̀.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa, Màlámù?"

"Kò le. Mo máa so ó mọ́ anpilifáyà. Ẹnì kan á dì í mú lókè okùn, kó má kàn án. Ìwọ á máa ta gìtá."

"Ẹ gbé e fún mi," ni bàbá mi wí. Ó na ọwọ́ tó fi ń di ayùn mú sókè okùn gìtá mi. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n rárá.

A kọ́kọ́ dán funfun wò. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, okùn kọ̀ọ̀kan ń dá sọ̀rọ̀. Bàbá mi wo ojú mi.

"Ṣé ìwọ lò ń ta á tó ń dún báyìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dáwọ́ dúró, ó ń kùn bí eṣinṣin. A gbé dúdú. Okùn kan péré ni mo fọwọ́ kàn, ohùn tó ki, tó dùn, tó sì pẹ́ kó tó tán, ló jáde. Kò kùn. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sáré wá, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Eléyìí ni!" ni bàbá mi pariwo.

"Bàbá, ó ti fẹ̀ jù. Kò lè wọ inú ihò tó wà lára gìtá."

"Ta ló bí ẹ? Ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà kọ́ ni?"

Ẹ̀rù bà mí. Bó bá ń gbẹ́ ihò náà tí igi là ńkọ́? N kò ní gìtá mìíràn. Mo ní kí a tún gbọ́ méjèèjì, bàbá mi sì tún na ọwọ́. Mo wá rántí àkókò tí gbogbo ìjọ máa ń kúnlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ṣé kí eṣinṣin wá máa kùn láàárín àdúrà? Mo mú dúdú. A ná an, a rà á, a gbàgbé híńjì pátápátá.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, bàbá mi kó ṣísẹ̀lì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò gìtá náà kí ó lè fẹ̀ sí i. N kò lè dúró wò ó, n kò sì lè kúrò. Lójijì, mo gbọ́ "pá!" Etí ihò náà ti ṣí kúrò díẹ̀.

Bàbá mi gbé e sójú oòrùn, ó wò ó.

"Kò wọnú," ó ní. "Òkè rẹ̀ lásán ni."

Ó fá a títí ó fi dán, píkọ́ọ̀pù náà sì jókòó wẹ́kú. Onírédíò Ọjà Akẹ̀sán wá jó wáyà pọ̀. Àwọn akọrin méjì ti gbé anpilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tó wà níwájú ilé wa, torí kò sẹ́ni tó lè dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Mo ta okùn. Kò dún. Onírédíò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ti fi wáyà kan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún un jó. Mo ta okùn lẹ́ẹ̀kejì, páànù òrùlé sì gbọ̀n!

"Ta orin tí ìyá ẹ máa ń kọ tó bá ń rokà," ni bàbá mi wí.

Mo ta á. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé orin náà bọ̀ tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́. Bàbá mi mú igi méjì, ó ń lu pákó mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró. Àwọn aládùúgbò dá ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dí. Nígbà tí mo parí rẹ̀, wọ́n ní kí n tún un ta, mo tún un ta.