Ìwé Ìròyìn Òṣìṣẹ́ Tí A Tẹ̀ Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ìwé ìròyìn kọ́múníìsì wa jáde kó tó kú, ìríra rẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Èmi ni mo ń to lẹ́tà òjé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú òmìnira. Olóòtú wa ní èdè Yorùbá ni a ó fi tẹ̀ ẹ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ara wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Mo gbà á gbọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń pè ní ará, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wọlé pẹ̀lú òógùn lára, áńkáṣíìfù ni yóò fi bo imú.

Alágbàṣe èbúté kan wà nílé kejì sí wa, mùsùlùmí tí kò fẹnu kan ọtí rí. Okùn tó ti gbó ló já tí àpótí ẹrù fi bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní ó mutí yó ni, wọ́n sì lé e. Ẹsẹ̀ yẹn kọ́ ló dùn ún jù, orúkọ rẹ̀ ni. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn ti ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóòtú gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣèlérí pé yóò jáde nínú ẹ̀kẹrin. Èmi ni mo tò ó.

Ọjọ́ tí a ó tẹ̀ ẹ́, olóòtú gbé ọ̀rọ̀ gígùn kan dé tí aṣáájú kọ́múníìsì kan sọ ní ìpàdé lókè òkun. Àwọn àlejò òyìnbó ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé ìròyìn. Ó ní kí n tú ọ̀rọ̀ alágbàṣe náà ká kí àyè lè wà. Mo ní ọkùnrin náà ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀rọ̀ òun ń jáde. Ó ní kí ni ọ̀rọ̀ ẹnì kan jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ aráyé. Ó rí mi lára, síbẹ̀ mo tú u ká.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkùnrin náà tiro dé pẹ̀lú àgbà méjì láti mọ́ṣáláṣí. Kéú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ kà, wọn ò mọ á-bí-dí. Olóòtú rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fún un ní ẹ̀dà kan, ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí n kà á fún wọn, ló bá jáde. Mo gbé ìwé síwájú, mo sì ka gbogbo rẹ̀ láti inú orí mi: àpótí náà, okùn tó ti gbó, ọtí tí kò mu. Àwọn àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó sunkún.

Ẹ̀karùn-ún kò jáde. Àwọn àlejò yẹn bá olóòtú wá ibi tí yóò ti lọ kàwé lókè òkun, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ láìkí wa pé ó dìgbà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin alágbàṣe náà, tó wà ní ìwé kẹfà, wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀dà baba rẹ̀ lọ́wọ́.

“Bùrọ̀dá, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ bàbá mi ò sí níbẹ̀,” ló wí. “Wọ́n sì ní kí n kà á fún àwọn àna wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mi ò lè sọ fún Bàbá pé kò sí níbẹ̀.”

Mo jókòó tì í. Mo ń sọ ọ́ fún un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí, mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fojú tẹ̀lé ìlà kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ baba rẹ̀. Irọ́ pípa ni mo kọ́ ọmọ náà, ara mi sì ń rí mi lára títí di òní.